Rùkáyátù Tó Fi Èdìdì sí Lẹ́tà Ẹgbẹ́ Wa

Ọmọ Ìrókò ni Rùkáyátù. Gàfárù, bàbá rẹ̀, ń dá oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Àbíkẹ́, ìyá rẹ̀, ń yan gàrí tí àwọn alájàpá ń wá kó lọ sí Ìbàdàn. Nílé wọn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó jáde ilé ìwé girama, ó lọ kọ́ṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣe, lẹ́yìn náà ó fẹ́ Roheem tó ń ta sólà ní Ìyànà Ọ̀fà. Ìyànà Ọ̀fà yìí náà ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwa ọlọ́sìn adìyẹ wà, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Ibẹ̀ ni a gbà á sí gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé wa.

Èmi tí mò ń sọ ọ́, Mojíbọ́lá ni mí. Mo ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, adìyẹ ni mò ń sìn báyìí. Èmi àti Rùkáyátù kò bá ara wa tan, ẹ̀sìn wa kò sì papọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ó gbọ́ tí mò ń pè é ní ọmọ mi. Mo ní ìdí. Ó wù mí kí n tètè sọ ọ́ kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ tó máa sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Àwa ará Lágelú la pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n a ní èèyàn ní Ẹgbẹ́dá, ní Ọnà-Àrà àti ní Akínyẹlé. Nígbà tí Rùkáyátù dé, orí Wọ́sáàpù ni a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú irú rẹ̀ rí yóò mọ̀. Àdúrà òwúrọ̀ á dé, àwòrán kéèkì ọjọ́ ìbí á dé, ẹnì kan á fi fídíò ejò tó gbé ewúrẹ́ mì ránṣẹ́. Kí ẹ tó mọ̀, ìkéde pé kí a wá gba oògùn adìyẹ ti rì sísàlẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ń ra ẹyin wa, àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú ọgbà wọn, kò sí níbẹ̀, wọn kò sì fẹ́ wà níbẹ̀.

Ohun tí Rùkáyátù rò nìyí tó fi lọ bá alága wa, Alàájì Sùnmọ́nù. Èmi náà wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà.

“Alàájì, ẹ jẹ́ ká máa kọ lẹ́tà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,” ó wí. “Lórí ímeèlì. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá tẹ̀ ẹ́, gbogbo èèyàn ló máa rí i gbà, àwa àti àwọn oníbàárà wa.”

Alàájì Sùnmọ́nù kì í ṣe ẹni tó ń tètè gbà. Ó wolẹ̀, ó wòkè. “Ṣebí àwọn tó ń wáṣẹ́ ló ń lo ímeèlì?”

“Fóònù tó wà lápò yín yẹn ní ímeèlì nínú, sà. Ẹ kàn kì í ṣí i ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ẹgbẹ́ ra orúkọ tiwa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n ń pè ní dómèènì, kí lẹ́tà lè máa jáde lórúkọ ẹgbẹ́. Rùkáyátù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Yorùbá ni ó máa ń kọ́kọ́ kọ, á wá fi Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fún àwọn oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá. Iye tí àgbàdo ń lọ lọ́jà, ohun tí dókítà ẹran wí nípa ooru, ẹni tó ní ìgbẹ́ adìyẹ tó fẹ́ fún àgbẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ adìyẹ yóò dé. Ọwọ́ rẹ̀ dùn lórí ìwé. Mo máa ń ka lẹ́tà yẹn bí ẹni ń jẹ iyán ọ̀sán. Àwọn èèyàn ń fèsì, wọ́n ń kí i.

Nígbà tó yá, èsì ń dín kù. Lẹ́yìn náà kò sí èsì mọ́. Èmi náà kò rí lẹ́tà mọ́, mo sì rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ní tirẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ òun ti sú àwọn èèyàn. Ó mú un kúrú. Ó fi àwòrán sí i. Ó kọ KÍÁKÍÁ sí orí rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, ní pupa. A kò mọ̀ nígbà náà pé ńṣe ni pupa yẹn ń dá kún ọ̀ràn.

Ọjọ́ àjẹsára ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Ẹni tí kì í sin adìyẹ lè má mọ̀: inú yìnyín ni oògùn yẹn ń gbé láti ìlú dé ìlú, bí a bá sì ti ṣí ìgò rẹ̀, a gbọ́dọ̀ lò ó tán kí ó tó gbóná. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń para pọ̀ rà á, tí gbogbo wa á wá pín in láàárọ̀ kan náà. Rùkáyátù ti kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Kúlà oògùn dé, dókítà ẹran dé, àga wà nílẹ̀. Àwa díẹ̀ tí ilé wa sún mọ́ ọ́fíìsì, tí a gbọ́ lẹ́nu ara wa, ni a jókòó tí à ń wo ojú títì.

“Rùkáyátù, o kọ lẹ́tà yẹn ṣá?” Alàájì béèrè.

“Mo kọ ọ́, sà. Ọjọ́ Ajé ni mo ti fi ránṣẹ́.”

Ó gbé fóònù, ó ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bi í: “Lẹ́tà wo?” Àwọn kan tiẹ̀ bínú, wọ́n ní a mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọn sílẹ̀ ni. Kí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn tó dé, yìnyín ti yọ́, ọ̀pọ̀ ìgò sì di ohun tí a dà nù. Alàájì kò pariwo. Ó kàn dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà yìí, bóyá ká kúkú fi sílẹ̀.” Jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́ yẹn dun Rùkáyátù ju ariwo lọ. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á lọ sílé lọ sunkún. Ọ̀kadà ni Rùkáyátù gùn lọ́jọ́ kejì, ó di oko mi.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ímeèlì yín.”

Ẹyin ni mò ń kó lọ́wọ́, mo ní kó mú fóònù lápò mi. Ó wo inú àwọn lẹ́tà tó wọlé, kò rí tirẹ̀. Ó tẹ ibì kan, ó tún tẹ ibòmíràn. Ó wá dúró sójú kan.

“Ibí ni wọ́n wà,” ó wí.

Mo yọjú wò ó. Àpótí kan ni tí n kò ṣí rí láti ọjọ́ tí mo ti ra fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní sípáàmù, níbi tí wọ́n ń da lẹ́tà játijàti sí. Gbogbo lẹ́tà Rùkáyátù tí n kò rí ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà àjẹsára náà wà láàárín lẹ́tà ọmọ ọba kan tó fẹ́ fi ogún bàbá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ àti ti ẹnì kan tó ń ta oògùn tí ń fa ikùn wọlé.

Rùkáyátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. “Màmá, wọ́n kà mí mọ́ àwọn gbájúẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá fi pe ọ́fíìsì. Òun ni máníjà òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn tó máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ wa. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti pààrọ̀ báǹkì yín ni? Mo rí lẹ́tà yín.” A kò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ ló jókòó síbì kan, tó kọ lẹ́tà lórúkọ ẹgbẹ́ wa, tó ní kí wọ́n máa sanwó ẹyin síbòmíràn. Orúkọ wa pé pérépéré lórí rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyáàfin náà gbọ́n, ó pè kó tó ṣe ohunkóhun.

Alàájì ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Rùkáyátù ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ, sà. Ṣùgbọ́n kódà bí wọ́n bá mú eléyìí, ẹlòmíràn á tún ṣe é. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tó gbà wọlé.”

Nínú ìjọ wa, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Adéwọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni láti máa bójú tó ímeèlì wọn, ó sì gba ilé sí Ajíbọ́dé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi mọ́tò mi gbé Rùkáyátù lọ bá a. Àwọn ọmọ yunifásítì ń sáré kiri níwájú ilé, ọ̀kadà ń ké, ṣùgbọ́n Adéwọlé gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ tutù.

“Ẹ wò ó, ma,” ó wí fún mi, nítorí èmi ni mo dàgbà jù. “Orúkọ tó wà lórí lẹ́tà ímeèlì, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ síbẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé pé ọ̀dọ̀ gómìnà ni lẹ́tà mi ti wá, ṣé pépà á bá mi jiyàn? Nítorí náà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba lẹ́tà fún gbogbo wa ti sọ pé ẹni tó bá ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ni lóòótọ́. Ẹ̀yin kò fi ẹ̀rí kankan hàn. Ẹlòmíràn tún wá ń fi orúkọ yín ṣe jìbìtì. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ yín yàtọ̀ sí i?”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹ̀rí náà. SPF, DKIM, DMARC. Ó ṣe sùúrù, àlàyé rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti lo ayé mi nídìí ṣọ́ọ̀kì kò rí ibi tí mo lè dì mú nínú rẹ̀. Rùkáyátù yí padà sí mi.

“Màmá, ẹ ronú nípa oko yín. Ẹ ní mẹ́gáàdì lẹ́nu géètì. Ẹ ti sọ àwọn mọ́tò tó lè gbé ẹrù yín fún un. Èyí tó bá yàtọ̀ sí wọn, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rán an. SPF nìyẹn. A ó kọ ọ́ sí gbangba lára dómèènì wa pé ibi báyìí nìkan ni lẹ́tà wa ti ń jáde.”

“Ìyẹn yé mi.”

“Àpò oúnjẹ adìyẹ ńkọ́? Ẹ mọ bí àwọn tó ń lọ̀ ọ́ ṣe máa ń rán ẹnu rẹ̀. Bí ẹnì kan bá tú u lójú ọ̀nà tó bu nǹkan sí i, ẹ ó rí i lára okùn. DKIM nìyẹn. Èdìdì ni. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ wa tó ń fi í sí lẹ́tà, ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ náà kò lè ṣe irú rẹ̀.”

“Ó ku ẹ̀kẹta.”

“Ẹ̀kẹta ni àṣẹ tí ẹ pa fún mẹ́gáàdì. Bí mọ́tò tí a kò mọ̀ bá dé, tí okùn àpò rẹ̀ kò sì jọ tiwa, ṣé kó kàn máa wò ó ni? Ṣé kó dá a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Àbí kó lé e padà? DMARC ló ń sọ ìyẹn. Á tún máa ròyìn fún wa pé ta ló wá.”

Adéwọlé rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó fẹ́ fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó bá a ṣe é tán, ṣùgbọ́n Rùkáyátù gbé ọwọ́ lé e.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bá mi ṣe é. Ẹ kọ́ mi. Bó bá bàjẹ́ lọ́la, èmi ló máa wà níbẹ̀.”

Ó kọ́ ọ títí oòrùn fi yí sápá kejì. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń jẹ máńgòrò, inú mi ń dùn.

Ẹ má rò pé ó ti tán níbẹ̀. Rùkáyátù padà sí Ìyànà Ọ̀fà, ó kọ ìlà SPF sára dómèènì, ó fi èdìdì sí lẹ́tà, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi láti dán an wò. Inú sípáàmù ló tún bọ́ sí. Ó pe Adéwọlé, Adéwọlé ti rìnrìn àjò. Roheem ọkọ rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀ dìgbà tí ọ̀gbẹ́ni náà bá dé. Kò gbà. Ó tẹ gbogbo ohun tó wà lára dómèènì náà sórí pépà, ó ń kà á lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ó rí i. Àwọn tó ta dómèènì fún wa ti fi ìlà SPF kan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láì sọ fún wa, òun náà tún wá fi tirẹ̀ kún un. Bí ìlà bá sì ti di méjì, ńṣe ni àwọn tó ń gba lẹ́tà máa ń pa méjèèjì tì. Ó pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Ó dúró di ọjọ́ kejì kí ayé lè gbọ́, nítorí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í tàn kálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún kọ lẹ́tà sí mi.

Mò ń fọ abọ́ omi adìyẹ nígbà tí fóònù dún. Lẹ́tà rẹ̀ wà lókè téńté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ọmọ mi tó wà ní Àbújá. Mo fi ọwọ́ tútù pè é.

“Rùkáyátù! Ó ti bọ́ síwájú o!”

Mo gbọ́ “Alhamdulillah” tó ké, mo sì gbọ́ ìró àga tó ṣubú lulẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó yọ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tó ti kú kúrò. KÍÁKÍÁ pupa yẹn, tó mú kí lẹ́tà wa jọ ti àwọn gbájúẹ̀, di ohun ìgbàgbé. Ó fi ibì kan sísàlẹ̀ lẹ́tà tí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ mọ́ lè tẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ á yọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ìyẹn kò dáa, pé a ń lé oníbàárà. Rùkáyátù ní, “Ẹni tí kò bá fẹ́ lẹ́tà wa, ẹ jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà. Bó bá ń bínú tẹ̀ ẹ́ pé sípáàmù ni, gbogbo wa ló ń kó bá.”

Ìpàdé tí Alàájì ti ní a ó ti sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà náà dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà. Rùkáyátù dìde, ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ti ṣe. Nígbà tó dé orí àṣẹ ẹ̀kẹta yẹn, Alàájì fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

“Lé wọn! Sọ pé kí wọ́n máa lé gbogbo lẹ́tà ayédèrú padà láti òní lọ!”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Rùkáyátù kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. “Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní ṣe é lónìí.”

N kò rí ẹni tó sọ irú ẹ̀ fún Alàájì rí.

“Kí ló dé?”

“Bí ohun kan bá wà tó ń kọ lẹ́tà lórúkọ wa lóòótọ́, tí èmi kò sì rántí rẹ̀, tiwa náà ni wọ́n máa lé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ máa wò, kí wọ́n máa ròyìn fún mi. Bí mo bá ti mọ gbogbo wọn tán, màá ti ìlẹ̀kùn, sà. Mo ṣèlérí.”

Alàájì wò ó pẹ́. Ọkùnrin tó ń wo èèyàn bí ẹni ń wọn àgbàdo ni. “Ó dáa,” ó wí níkẹyìn. “Ìwọ lo wà nídìí ẹ̀, ìwọ lo rí i.”

Ojú tó sì fi rí i ríran. Nígbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó rí ayédèrú tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rí ohun tí gbogbo wa ti gbàgbé: ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè ẹyin, èyí tó máa ń fèsì fún wọn pé a ti gbọ́, ọjọ́ báyìí ni ẹyin yóò dé. Orúkọ wa ni òun náà ń lò, kò sì ní ẹ̀rí kankan. Ká ní wọ́n ti ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwé ni kò ní gbọ́ ohùn wa mọ́. Rùkáyátù fún òun náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí wọ́n máa ya lẹ́tà ayédèrú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lé e padà. Ó ra mọ́ínmọ́ín fún gbogbo ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn.

Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ni àsìkò tí ẹ̀rù máa ń ba ọlọ́sìn adìyẹ jù, nítorí lùkúlùkú, àrùn tí ń yí adìyẹ lọ́rùn, tó lè gbá ilé adìyẹ mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dókítà Fẹ̀yìntọlá, obìnrin tó ń tọ́jú adìyẹ ẹgbẹ́ wa, bá a ní oko kan ní apá Ẹgbẹ́dá. Kò tíì kúrò nínú oko náà tó fi pe Rùkáyátù.

Èmi kò mọ ohunkóhun. Mo dúró lẹ́nu géètì mi, mò ń kí Múyì, oníṣòwò ẹyin tó fi mọ́tò akẹ́rù kó kíréètì òfìfo wá fún wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mẹ́gáàdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa géètì. Fóònù mi dún. Bí mo ṣe rí i pé Rùkáyátù ni, mo ṣí i.

Lẹ́tà náà kò gùn. “Lùkúlùkú ti wọ oko kan ní apá Ẹgbẹ́dá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mọ́tò tàbí kíréètì ẹyin wọ oko yín lónìí. Ẹ má lọ sí oko ara yín. Bí adìyẹ yín bá ń yí ọrùn tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ pe Dókítà Fẹ̀yìntọlá kíákíá.” Nọ́ńbà dókítà wà lábẹ́ rẹ̀.

“Ti géètì yẹn!” Mo kígbe. “Múyì, ibo lo ti ń bọ̀?”

“Apá Ẹgbẹ́dá, ma. Ṣé kò sí wàhálà?”

Mo ka lẹ́tà náà sí i létí. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. “Yéè! Ọ̀kan nínú àwọn oko tí mo ti kó kíréètì yìí, adìyẹ wọn ń yí ọrùn, ma. Wọ́n ní òtútù ọyẹ́ ló ń mú wọn.”

Kò bínú. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó yí i padà, ó lọ sun àwọn kíréètì náà, ó sì fọ mọ́tò tinú tẹ̀yìn. Àwọn oko yòókù tó yẹ kó dé lọ́jọ́ náà, kò dé ọ̀kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà rí lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi káàkiri: wọ́n ń ti géètì, àwọn èèyàn ń dúró sílé wọn. Ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá pàápàá pe ọ́fíìsì láti inú ìlú, ó ní òun ti rí i, kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu lórí ẹyin ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àrùn náà ba oko àkọ́kọ́ jẹ́, ó sì mú nínú ti aládùúgbò rẹ̀. A lọ kí wọn nígbà tí dókítà gbà wá láyè, a sì kó ọmọ adìyẹ jọ fún wọn kí wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kọjá ibẹ̀. Dókítà Fẹ̀yìntọlá sọ fún wa pé ní ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí i rí kí gbogbo agbègbè gbọ́ kí àrùn tó gbéra.

Nígbà tí Rùkáyátù wo ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ó rí i pé ẹnì kan láti òkèèrè tún ti gbìyànjú láti kọ lẹ́tà lórúkọ wa. A kò mọ ohun tó kọ síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n lé padà.

Ní ìpàdé ọdún, Alàájì Sùnmọ́nù ránṣẹ́ sí Gàfárù àti Àbíkẹ́ ní Ìrókò pé kí wọ́n wá. Ó fi wọ́n sí ìjókòó iwájú. Nígbà tó dìde, kò ka ìwé kankan.

“Bàbá Rùkáyátù, Ìyá Rùkáyátù,” ó wí, “ẹ kú ọmọ ire. Ọmọ yín ni ohùn ẹgbẹ́ yìí. Nígbà kan, a ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ẹlòmíràn tún ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, wọ́n ń gba tirẹ̀ gbọ́. Lónìí, bí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ pé àwa ni. Ọmọ yín ló ṣe é. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kù gìrì, òun ló fà mí láṣọ.”

Ilé pariwo. Gàfárù ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni. Àbíkẹ́ dìde, ọwọ́ rẹ̀ tí iná gàrí ti sọ di líle wà ní àyà rẹ̀. “Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ wo ni ọmọ mi ń ṣe, mo máa ń sọ pé ó ń tẹ nǹkan ni. N kò mọ̀ pé odindi agbègbè ló ń ṣọ́.”

Rùkáyátù bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Èmi kò bo tèmi. Mo jẹ́ kí omijé ṣàn, mo sì sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí, tí kò bi mí léèrè, pé lábẹ́ igi máńgòrò ni mo ti kọ́kọ́ mọ irú ọmọ tó jẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti gbọ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọlọ́sìn ẹja ní Ọnà-Àrà ránṣẹ́ pè é. Mo bá a lọ, mo jókòó sẹ́yìn. Àwọn àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n ló kún inú yàrá náà. Rùkáyátù ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó sì bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin bàbá mi, ta nínú yín ló ti ṣí àpótí sípáàmù rẹ̀ wò lọ́dún yìí?”

Kò sí ẹni tó nawọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ mú fóònù yín jáde.”